Àwọn Ọ̀ta Ṣẹ́ẹ̀sì àti Ọgbọ́n Tí Wọ́n Ń Lò

Grandmaster ni oyè tó ga jù tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ń fi dá ọ̀ta lọ́lá, títí ayé sì ni. Ọgbọ́n tó gbé àwọn ọ̀ta ṣẹ́ẹ̀sì dé ipò kò rí bákan náà. Wilhelm Steinitz, tó gba ipò olúborí àgbáyé ní 1886, ló kọ́ni pé díẹ̀díẹ̀ là ń kó àǹfààní jọ. Ẹni tí kò tíì rí àyè kò gbọdọ̀ sáré kọlu ọba. Aron Nimzowitsch ní kò di dandan ká kó ọmọ-ogun dí àárín pátákó, a lè dúró lókèèrè máa ṣọ́ ọ. Ní ti Mikhail Tal, olúborí 1960, a máa yọ̀ǹda ohun ìjà rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè dàrú mọ́ ẹnìkejì lójú.

Tigran Petrosian ló wù mí jù. Ní Zürich ní 1953, àwọn ọmọ-ogun Samuel Reshevsky ti fẹ́ bo àárín pátákó. Petrosian mọ̀ọ́mọ̀ gbé rook rẹ̀ síbi tí bíṣọ́ọ̀bù lè ti jẹ ẹ́, kí ẹṣin rẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Reshevsky jẹ ẹ́ nígbẹ̀yìn. Ẹṣin bọ́ sáàárín, ó dènà mọ́ àwọn ọmọ-ogun náà, wọ́n sì ta ọ̀mì.

Slim Bouaziz ará Tùnísíà ni grandmaster àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, ní 1993. Oyè kan Amon Simutowe ará Sáńbíà ní 2009. Títí di 2024, Nàìjíríà kò ní ẹyọ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Odion Aikhoje gba góòlù tirẹ̀ ní Olympiad Elista ní 1998.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi-Isolo ní Èkó, abẹ́ bíríìjì Oshodi ni ṣẹ́ẹ̀sì ti lókìkí. Tunde Onakoya, tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń sùn síbẹ̀ ní 2021. Ní April 2024, òun àti Shawn Martinez fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square, New York. Onakoya fúnra rẹ̀ kì í ṣe grandmaster.

Lójú tèmi, ọgbọ́n kọ́ ló wọ́n wa. Ẹni tó ń wá oyè náà gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n (rating) 2500, kó sì ta yọ nínú ìdíje tí àwọn grandmaster wà. Yúróòpù ni irú ìdíje bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù, físà àti owó bàálù ló sì ń dáni dúró.