Ulli Beier àti Orúkọ tí Òṣogbo Sọ Mbari

Akẹ́kọ̀ọ́ wa púpọ̀ ka Mbari Mbayo sí ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó wá kọ́ni ní Ìbàdàn ní 1950, kò jókòó sí ọgbà yunifásítì. Ó gbé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Òṣogbo, ó ń kọ̀wé lórí oríkì, ère àti ojúbọ. Ní 1961, òun àtàwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé ère alámọ̀ tí àwọn Ìgbò apá Owerri ń kọ́ fún Ala ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, etí ará ìlú gbọ́ ọ ní Yorùbá: m̀bá rí, m̀bá yọ̀. Bí Beier ṣe fi orúkọ Ọbọ́túndé Ìjímèrè bojú kọ eré oníṣe ṣì ń kọ wá lóminú, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kì í ṣe ọgbọ́n tirẹ̀; ẹnu ará Òṣogbo ló ti jáde.