Windermere: Adágún Tí Wọ́n Ti Fi Òfin De Eré

Yorùbá ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ra. Òótọ́ ni, àmọ́ adágún omi ò fẹ̀ tó ojú ọ̀run. Ẹ wo Windermere, adágún tó tóbi jù ní ilẹ̀ England.

Ẹ má rò pé wọn ò fẹ́ràn eré níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, 1930, orí omi yìí ni Henry Segrave ti wa Miss England II ju gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó wà láyé nígbà náà lọ: ó lé ní 98 máìlì ní wákàtí kan. Ibi tó ti fẹ́ tún un sá ni ọkọ̀ ti dojú dé. Segrave kú lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà yẹn, ọkọ̀ asáré ò wọ́pọ̀. Nígbà tó yá, jet ski, ìyẹn ọ̀kadà orí omi, dóde. Coniston, Derwentwater àti Ullswater tó wà nítòsí ti ṣòfin pé ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá 10 máìlì ní wákàtí kan. Ibo làwọn eléré fẹ́ gbà? Windermere ni gbogbo wọn rọ́ lọ. Ẹni tó wá sinmi ò gbádùn mọ́, ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ ò sì fọkàn balẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso agbègbè náà ní kí òfin yẹn kan Windermere náà. Ló bá dìjà. Àwọn oníṣòwò ní iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní gbogbo ayé ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wakọ̀ lórí omi náà, wọn ò sì parọ́. Wọ́n gbọ́ tẹnu kálukú ní gbangba. Ẹni tó darí ìgbẹ́jọ́ náà fara mọ́ òfin yìí, síbẹ̀ John Gummer, mínísítà fún ọ̀rọ̀ àyíká, kọ̀ ọ́ ní 1996. Ó di ọdún 2000, lábẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ Labour, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n wá fún àwọn èèyàn lọ́dún márùn-ún láti múra. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 2005 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òfin yìí ò lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí omi, eré nìkan ló dè. Ṣùgbọ́n kí lẹni tí ọkọ̀ ń fà lórí pákó sìkíì fẹ́ fi 10 máìlì ṣe? Kò ní lè dìde dúró. Ká sọ tòótọ́, wọ́n pàdánù. Àmọ́ ariwo ọkọ̀ kan ṣoṣo tó láti ba ọ̀sán ọgọ́rùn-ún èèyàn jẹ́. Ọgọ́rùn-ún àjẹ̀ ò lè ba tẹnì kan jẹ́. Ẹ̀tọ́ wọn dọ́gba lóòótọ́, ìnira tí wọ́n ń kó bá ara wọn ni kò dọ́gba.

Ọdún márùn-ún yẹn ló wú mi lórí jù. Bó o bá máa gba ohun tẹ́nì kan fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀, fún un láyè kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.