Iná Alẹ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Kí Àbẹ́là Tó Dé

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Àkókó, ara ọ̀pẹ ni iná alẹ́ àwọn ará àtijọ́ ti ń wá. Fìtílà ni ti inú ilé: àwo amọ̀ pẹlẹbẹ tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò ń mọ, tí wọ́n ń fi ìka tẹ etí rẹ̀ kí ó lè ní ẹnu tí òwú yóò gbà yọ, tí wọ́n sì ń bu epo pupa tàbí àdín, ìyẹn òróró èkùrọ́, sí. Àwọn obìnrin tí ń fi ìrànwú ran òwú aṣọ náà ni wọ́n ń lọ́ òwú fìtílà. Bí ẹnu rẹ̀ bá jó di dúdú tí iná sì ń ṣe bàìbàì, wọ́n á fi igi ṣóńṣó tún un fà síta, wọ́n á gbọn èédú orí rẹ̀ dànù, ìmọ́lẹ̀ á sì tún mọ́.

Ògùṣọ̀ ni ti ìta. Ìhá, ìyẹn fọ́nrán ara ẹyìn tí ó kù lẹ́yìn tí a bá ti fún epo tán, ni wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń dì pọ̀. Epo tí ó ṣẹ́kù sí i lára ni kì í jẹ́ kí ó tètè kú, èyí tí ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń gun ọ̀nà olókùúta Ọ̀kà lóru.

Àìní ìda, èyí tí oyin ń ṣe, kọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe àbẹ́là nílé, nítorí pé ìda ni àwọn asúdẹ Ifẹ̀ àti Bìní fi ń ṣe àwòrán tí wọ́n ń bo amọ̀ lé kí wọ́n tó da idẹ sí i; fìtílà ti tó wọn ni. Epo pupa fúnra rẹ̀ kò lè dúró bí àbẹ́là, torí pé ó ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Àwọn òyìnbó ni wọ́n wá ọ̀nà sí èyí. Ilé-iṣẹ́ Price's, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1830, ń ra epo pupa láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń yọ apá tí ó le nínú rẹ̀ ṣe àbẹ́là, ó sì ń polówó pé ẹni tí ó bá rà á ń bá òwò ẹrú jà. Báyìí ni epo ọ̀pẹ ṣe di àbẹ́là ní òkè òkun, tí àbẹ́là sì bá ẹ̀sìn Kírísítì wọ ilẹ̀ Yorùbá.

Síbẹ̀, kẹrosíìnì ni ó gba ilé lọ́wọ́ fìtílà amọ̀, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ páànù bẹ̀rẹ̀ sí í fi agolo ṣe àtùpà tí owó tálákà ká.