Líǹkì Oníjúwe àti Ìtàn Dída Fáìlì Kọ nínú Linux

Ní Ìwó olódò Ọbà, ìlú tí Yunifásítì Bowen ti ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2002, ẹni tó bá ń fi Linux ṣiṣẹ́, tó sì mọ̀ pé iná ìjọba kì í dágbére kó tó lọ, kò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ síbì kan ṣoṣo. Fílàṣì ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ àṣẹ cp -a, tí líǹkì sì wà láàárín àwọn fáìlì náà, kọ̀ǹpútà yóò fèsì pé òun kò lè dá líǹkì síbẹ̀, nítorí FAT32 tí wọ́n fi to ọ̀pọ̀ fílàṣì kò ní àyè fún un.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Unix ti ń jẹ́ kí fáìlì kan ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí ọ̀nà kan kò wọjà, àmọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè ti inú dísìkì kan bọ́ sí òmíràn. Lọ́dún 1983, nínú 4.2BSD, ni àwọn ará Yunifásítì California ní Berkeley fi líǹkì oníjúwe kún un, irú èyí tí Multics ti ní ṣáájú: fáìlì kékeré tí kò gbé nǹkan kan pamọ́ ju ọ̀nà ibi tí fáìlì mìíràn wà, bí àgbà tó jókòó lójúde tó ń fi ìka júwe ilé fún àlejò, bí wọ́n tilẹ̀ wó ilé náà, ìka kò ní ṣíwọ́ júwe.

Àṣẹ tar, tó ti wà láti 1979, ní láti kọ́ ìwà tuntun: líǹkì ló ń pa mọ́, àfi bí a bá fi -h sọ fún un pé kó tẹ̀lé e débi tó ń júwe. Nígbà tí Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé rsync jáde lọ́dún 1996, tiwọn tún yàtọ̀, nítorí ẹni tó bá lo -r nìkan, rsync yóò fo gbogbo líǹkì kọjá. Àṣẹ -a ló ń gbé wọn bí wọ́n ṣe wà, -L ló sì ń fi ohun tí wọ́n ń júwe rọ́pò wọn, tí fódà kan tí líǹkì mẹ́ta ń júwe yóò fi di púpọ̀ nínú ẹ̀dà.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bó bá jẹ́ dísìkì tí a fi ext4 tò ni ẹ̀dà ń lọ, -a ló tọ́ lójú tèmi. Bó bá sì jẹ́ fílàṣì FAT32, ó sàn kí a fi tar di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan, bí kò bá ti tó 4 GB. Síbẹ̀, líǹkì tó ń júwe /home/ade/aworan kò wúlò lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní ade. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ tú ẹ̀dà yín sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì tẹ find . -xtype l níbẹ̀. Gbogbo líǹkì tí ibi tó ń júwe kò sí ni yóò tò síwájú yín.