Bí Ìgbì Òkun Ṣe Ń Rú Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Omi

Rírú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí ìgbì fi ń ṣí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kíkúnná nídìí lórí ilẹ̀ abẹ́ omi, tí ó sì ń mú un léfòó fún wákàtí tàbí ọjọ́ kí ó tó tún rọlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kíkúnná yìí ni ẹrẹ̀ àti amọ̀ tí hóró wọn kò tó 0.063 mìlímítà ní fífẹ̀. Èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ti di iyanrìn. Ẹni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà: bí wọ́n bá ro ó, omi á rú, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ògì á rọlẹ̀, omikan á sì tòrò lókè.

Lójú ẹni tí ó dúró létí òkun, ó dà bí ẹni pé omi ni ìgbì ń kó bọ̀, ṣùgbọ́n agbára ni ó ń rìnrìn àjò. Omi fúnra rẹ̀ ń yí po lójú kan ni, yíyí náà sì ń kéré sí i bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbi tí jíjìn omi bá tó ìdajì gígùn ìgbì, ìyẹn àyè tí ó wà láàárín orí ìgbì kan àti èkejì. Ní agbami, ìgbì tí orí rẹ̀ ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 5 síra wọn gùn tó mítà 39, nítorí náà kò lè kan ilẹ̀ tí ó jìn ju nǹkan bí mítà 20 lọ. Ṣùgbọ́n ti ìṣẹ́jú àáyá 10 gùn tó mítà 156, ipá rẹ̀ sì lè dé nǹkan bí mítà 78 nísàlẹ̀.

Nítòsí ilẹ̀, yíyí náà ti pẹlẹbẹ tán, ó di lílọ-bíbọ̀ tí ń ha ojú ilẹ̀ nínú ìpele omi tín-ínrín tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Nítorí tínrín ìpele yìí, ìgbì ń fa ilẹ̀ ju bí odò tí ń ṣàn ní ìwọ̀n eré kan náà ṣe lè fà á. Ní 1936, Albert Shields ṣe ìwádìí ní Berlin lórí ìwọ̀n agbára tí ó kéré jù tí omi fi lè ṣí hóró iyanrìn nídìí. Ẹrẹ̀ kò tẹ̀ lé òfin iyanrìn pátápátá, nítorí hóró amọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ra wọn: èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ kò pẹ́ rú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti kì fún ìgbà pípẹ́ lè le ju iyanrìn lọ.

Òfin tí George Gabriel Stokes gbé kalẹ̀ ní 1851 fi hàn pé bí hóró bá ti kéré tó ni ó ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó rọlẹ̀. Hóró iyanrìn 0.2 mìlímítà ń já lulẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hóró amọ̀ 0.002 mìlímítà lè lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ ní mítà kan péré nínú omi tí ó dákẹ́, àfi tí iyọ̀ òkun bá mú kí àwọn hóró náà ṣù pọ̀, tí wọ́n fi yára sí i. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí: ìgbì ni ó ń gbé ẹrẹ̀ nílẹ̀, ìṣàn omi ni ó ń gbé e lọ kí ó tó rọlẹ̀.

Ẹrẹ̀ náà ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì. Ní Kerala ní gúúsù Íńdíà, ìgbì a máa rọ̀ lórí ẹrẹ̀ ṣíṣàn tí wọ́n ń pè ní chakara, àwọn apẹja a sì máa sá síbẹ̀ nígbà òjò ńlá.

Etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ti ẹrẹ̀, yàtọ̀ sí ti iyanrìn tí ó wà láti Àgbádárìgì kọjá Lẹ́kì. Iyanrìn tí ìjì bá kó lọ sínú òkun, ìgbì pẹ̀lẹ́ a máa kó o padà. Ẹrẹ̀ tí ìṣàn bá ti gbé lọ kì í sábà padà wá tún etíkun kọ́. Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú òkun, ó sì jẹ́ ohun ìbànújẹ́ gidi. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé òkúta wá fi dá òkun dúró níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn agbára ẹrẹ̀ náà, nítorí òkúta tó wúwo a máa rì nínú ẹrẹ̀ rírọ̀.