Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ọlọ́pàá nínú Ìtàn: London àti New York

Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé, a lè ka iye ebè tí ó kọ. Bí ahunṣọ bá sì parí iṣẹ́, a lè ka iye aṣọ tí ó hun. Ṣùgbọ́n kí ni a óò kà lọ́wọ́ ọlọ́pàá? Nítorí àlàáfíà ìlú ni a ṣe gbà á sí iṣẹ́, àlàáfíà kò sì ṣeé kà ní ení, èjì. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba fi ń wá ohun mìíràn tí ó ṣeé kà dípò rẹ̀, láti ohun tí ó ju 300 ọdún lọ. Ìtàn London àti ti New York, tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, fi hàn pé ohunkóhun tí a bá yàn láti fi wọn iṣẹ́ ènìyàn, ohun náà gan-an ni yóò sọ di iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1692, London kò tíì ní ọlọ́pàá ìjọba bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, àwọn adigunjalè sì gba ojú ọ̀nà kan. Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe òfin pé ẹni tí ó bá mú adigunjalè, tí ilé-ẹjọ́ sì dá ọ̀daràn náà lẹ́bi, yóò gba pọ́n-ùn 40. Owó ńlá ni èyí ní ayé ìgbà náà. Iye ẹni tí a dá lẹ́bi ni ó di òṣùwọ̀n, àwọn kan sì sọ ọ́ di òwò. Olókìkí jùlọ nínú wọn ni Jonathan Wild. Ó ń pe ara rẹ̀ ní olórí àwọn tí ń mú olè, bẹ́ẹ̀ òun náà ni baba ìsàlẹ̀ àwọn olè: a máa ta ẹrù tí wọ́n jí padà fún ẹni tí ó ni í, a sì máa fa olè tí kò bá gbọ́ tirẹ̀ lé ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́. Wọ́n yẹgi fún un ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1725. Síbẹ̀ òwò náà kò tán. Ní ọdún 1754 ni àṣírí ẹgbẹ́ kan tú, àwọn tí ń tan ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ìdí olè kí wọn ó lè mú wọn, kí wọn ó sì gba owó lé wọn lórí. Owó ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń pe irú owó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Robert Peel dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá London sílẹ̀ ní ọdún 1829, ọ̀nà mìíràn ni àwọn olórí rẹ̀ méjèèjì, Charles Rowan àti Richard Mayne, gbà. Dídènà ìwà ọ̀daràn ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé àìsí ìwà ọ̀daràn ni ẹ̀rí tí ó dára jù pé ọlọ́pàá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan fara pamọ́ sínú rẹ̀: ọlọ́pàá tí a fẹ́ wọn iṣẹ́ rẹ̀ náà ni ẹni tí ń kọ iye olè tí ó jà sínú ìwé.

Ní New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ìṣòro yìí ti wá hàn gbangba. Ní ọdún 1990, àwọn tí wọ́n pa ní ìlú náà ju 2,200 lọ. Ní ọdún 1994, William Bratton, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, àti Jack Maple tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igbákejì rẹ̀, dá ètò kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí CompStat. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kó iye ẹ̀sùn jọ láti gbogbo àgọ́, tí wọ́n ń sàmì sí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀, tí wọ́n sì ń pe àwọn ọ̀gá àgọ́ jáde níwájú ẹgbẹ́ wọn láti wí tẹnu wọn. Ọ̀gá tí kò mọ ohun tí ń lọ ní àdúgbò rẹ̀ kò rí ibi sá sí mọ́. Ní ọdún 2013, àwọn tí wọ́n pa kò tó 350. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ipa tí ètò náà kó, nítorí ìwà ọ̀daràn dínkù ní ìlú Amẹ́ríkà mìíràn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a kò lè pe ìdínkù náà ní irọ́, nítorí òkú kò rọrùn láti fi pamọ́.

Ohun tí kò tó ikú ni ó ṣeé fi pamọ́. Ọ̀gá àgọ́ tí ẹ̀rù ń bà lè sọ ìdigunjalè di ẹrù tí ó sọnù, ó sì lè dá olùfisùn padà sílé. Adrian Schoolcraft, ọlọ́pàá kan ní àgọ́ 81 ní Brooklyn, fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2009, àwọn ọlọ́pàá gbé e láti ilé rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn alárùn ọpọlọ fún ọjọ́ 6. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ṣe, tí ó hàn sí gbangba ní ọdún 2012, fi hàn pé lóòótọ́ ni wọ́n ń bu ẹ̀sùn kù ní àgọ́ náà. Bí ẹ̀sùn ti ń dínkù nínú ìwé ni iye ìgbà tí wọ́n ń dá ènìyàn dúró ní ìgboro ń pọ̀: ó ju 685,000 lọ ní ọdún 2011. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti Látínò ni ó pọ̀ jù nínú wọn, bíi 9 nínú 10 ni wọ́n sì jọ̀wọ́ lọ láìrí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a lẹ́jọ́ pé ìdánidúró bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin ilẹ̀ náà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yọ sílẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, àjọ tí ń ṣọ́ ìṣirò ìjọba gba àmì ìfọkàntán kúrò lára iye ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀. Ohun tí ó mú kí irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ hàn ni pé láti ọdún 1982 ni a ti ń rán àwọn olùwádìí láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń bi àwọn ará ilé léèrè ibi tí ó ti bá wọn, ìbáà ṣe pé wọ́n sọ fún ọlọ́pàá tàbí wọn kò sọ. Nígbà tí ìwé ọlọ́pàá àti ọ̀rọ̀ ará ìlú kò bára mu mọ́, ó di dandan láti wádìí. Àwọn àgbà wa ti wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìtàn yìí kan àwa náà, nítorí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà, èyí tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan ní ọdún 1930. N kò wí pé kí a da òṣùwọ̀n nù, nítorí níbi tí kò bá sí òṣùwọ̀n, ojúsàájú ni yóò gba ipò rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a má ṣe fi iye ẹni tí a mú ṣe ìdíwọ̀n iṣẹ́, kí a má sì gba ìwé ọlọ́pàá nìkan gbọ́ láìbi ará ìlú léèrè. Bí ẹni tí wọ́n jà lólè bá dé àgọ́, tí ẹni tí ó yẹ kí ó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀ bá kọ̀ láti kọ ọ́, ìṣirò òpin ọdún yóò dára ní ojú àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n olè náà ṣì wà ní ìgboro, ẹni tí ó jà lólè kò sì ní padà wá sọ fún ọlọ́pàá mọ́.