Ẹja Tó Kù Sórí Owó

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ti ná ọjà rí ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, ọwọ́ yín ti kan ẹja tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ wo owó sẹ́fà dáadáa. Ẹja kan wà lára rẹ̀ tí imú rẹ̀ gùn bí ayùn káfíńtà, tí eyín tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn Akan ló kọ́kọ́ fi idẹ rọ ọ́, tí wọ́n fi ń wọn wúrà. Ibẹ̀ ni báńkì tó ń tẹ sẹ́fà ti mú un. Òyìnbó ń pè é ní sawfish. Èmi á máa pè é ní ẹja aláyùn. Nígbà kan, ó wà ní etíkun wa láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Àǹgólà, ó sì máa ń wọ inú odò. Lónìí, àtirí i lórí owó rọrùn ju àtirí i nínú omi lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan ẹni tó ń ka Yorùbá nínú báyọ́lọ́jì. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn tó sọ ẹja yìí lórúkọ ò sì tètè mọ ilé rẹ̀.

Ní 1758, Linnaeus ará Sweden pè é ní Squalus pristis, ó kà á mọ́ ẹja ekurá, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shark. Ìrísí ló wò. Ṣùgbọ́n ihò tí ẹja aláyùn fi ń mí wà ní ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, bíi ti àwọn ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní ray. Ti ekurá wà ní ẹ̀gbẹ́. Ekurá kan tiẹ̀ wà tí òun náà ní ayùn. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ kan wo bí ara wọn ṣe tò, wọ́n ní inú ẹbí ekurá ni gbogbo ray ti jáde, pé ekurá aláyùn yìí ló sún mọ́ wọn jù. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, tí wọ́n yẹ àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ìyẹn DNA, ọ̀rọ̀ yí padà. Ray kì í ṣe ọmọ ekurá. Ẹ̀ka méjì ni wọ́n, ọmọ ìyá tó ti pínyà tipẹ́tipẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni oníkálukú ti rí ayùn tirẹ̀. Àṣé èèyàn lè wọ aṣọ kan náà wá sóde, kí wọ́n má wá láti ilé kan náà.

Wàhálà orúkọ ò tán síbẹ̀. Ẹja aláyùn eléyín ńlá ní orúkọ mẹ́ta: pristis, perotteti, microdon. Ní 2013, Vicente Faria àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n lo DNA, títí kan èyí tó wà lára ayùn gbígbẹ tí wọ́n ti tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n rí i pé ẹja kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo ẹja aláyùn láyé wá jẹ́ oríṣi márùn-ún péré.

Ẹ má rò pé àríyànjiyàn ọ̀mọ̀wé lásán ni. Ní 2007, CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko, fòfin de títa ẹja aláyùn láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ microdon sílẹ̀: wọ́n ṣì lè tà á láàyè fún ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja fún ìran wíwò. Orúkọ kan ṣoṣo ló di ihò lára òfin. Ní 2013 ni wọ́n tó dí i.

Apá kan tún wà nínú DNA tó jẹ́ ọ̀dọ̀ ìyá nìkan la ti ń jogún rẹ̀. Ní Ọsirélíà, apá yẹn fi hàn pé àwọn abo ẹja aláyùn kì í jìnnà sí ilé. Akọ ló ń rìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àwọ̀n bá kó àwọn ìyá tán ní odò kan, ìyá odò mìíràn ò ní tètè wá rọ́pò wọn. Àwọ̀n náà sì ni ọ̀tá wọn, torí ayùn yẹn kì í kọjá lára rẹ̀ kó má há.

Ìrètí ṣì wà. Ní Florida, níbi tí òfin ti dá àwọ̀n dúró ní 1995, àyẹ̀wò tó jáde ní 2011 fi hàn pé àbùdá àwọn tó ṣẹ́kù ṣì pọ̀ ní oríṣiríṣi, bí iye wọn tiẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. Ní 2015, wọ́n kéde pé méje nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀ ò ní bàbá rárá. Ìyá nìkan ló dá wọn bí. Ó jọ pé abo ò rí akọ mọ́, ló bá dá a ṣe. Mo kà á, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún.

Níhìn-ín ńkọ́? Ní erékùṣù Bijagós ní Guinea-Bissau, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣì ń dé ẹ̀kú aláyùn jó, bẹ́ẹ̀ ẹja náà ti di ohun tí àgbà ń rántí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní bàbá àgbà apẹja ní Ìlàjẹ tàbí Àgbádárìgì, kó bi wọ́n bóyá wọ́n rí i rí. Kó bi wọ́n lórúkọ tí wọ́n ń pè é, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ayùn gbígbẹ kan bá sì wà lára ògiri wọn, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ó ṣì lè sọ ìyá tó bí i.